Kẹ̀kẹ́ Kò Lọ́nà ní Pósọ́fíìsì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere mi lọ lábẹ́ afárá Pósọ́fíìsì nílùú Ìlọrin nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ kòrópè yọ orí lójú fèrèsé tó kígbe sí mi pé: "Bàbá, ṣé ẹ ò wa lọ́mọ tó lè ra mọ́tò fún yín ni?" Àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju èébú lásán lọ, àánú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé òdì kejì títì, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. N kò rú òfin ìrìnnà kankan. Òun ni ó yà wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lójijì láti gbé èrò, tí mo fi ní láti bọ́ sílẹ̀ kí n má baà bọ́ sí abẹ́ táyà rẹ̀. Síbẹ̀, èmi ni ó káàánú. Lójú tirẹ̀, àti lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ní àárín ìlú ní ọjọ́ òní ti jẹ́wọ́ pé òun kò ní olùrànlọ́wọ́, ẹni tí kò bá sì ní olùrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ bínú bí ọkọ̀ bá tì í sí gọ́tà.

Èrò yìí ni mo fẹ́ bá jà. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀nà Pósọ́fíìsì gba kẹ̀kẹ́, ọkàn wa ni kò gbà á. Ẹ̀gàn tí a ní sí ẹni tí kò lówó ọkọ̀ ni àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fi kọnkéré mọ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ ibẹ̀. Kí ni ó sọ ìkóríta náà ní Pósọ́fíìsì? Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ta ni ó sì ń gbé ìwé jáde kúrò nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ sí àdúgbò ní ayé àwọn bàbá wa? Àwọn apínlẹ́tà ni, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì máa ń wà, àpò lẹ́tà lẹ́yìn, agogo kẹ̀kẹ́ níwájú. Bí agogo náà bá dún lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo agbo ilé ni yóò jáde, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ọmọ ta ni ó kọ̀wé láti Jọ́ọ̀sì tàbí láti Kánò. Ní ọdún 1985 ni ìjọba pín iléeṣẹ́ náà sí méjì, tí lẹ́tà bọ́ sí ọwọ́ NIPOST, tí tẹlifóònù bọ́ sí ọwọ́ NITEL. Lẹ́tà ti dín kù, tẹlifóònù sì ti di ti inú àpò. Ṣùgbọ́n ibi tí kẹ̀kẹ́ ti fún ìlú ní ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ibi tí kẹ̀kẹ́ kò ti rí ọ̀nà gbà kọjá lónìí. Bí èyí kò bá jẹ́ àìmoore, n kò mọ ohun tí a ń pè ní àìmoore.

Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tirẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni gbogbo agbo ilé wa fi ń yangàn. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé aboyún sí lọ sí ọsibítù. Orí rẹ̀ ni èmi náà jókòó sí, ẹsẹ̀ mi ń fì, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ènìyàn pàtàkì ni, àna rẹ̀ á máa fi í ṣe fọ́rífọ́rí. Nígbà tí owó Údòjì dé ní ọdún 1975, òṣìṣẹ́ ìjọba ra alùpùpù, ọ̀gá rẹ̀ ra mọ́tò, kẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí a ń fi há àjà. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi iye táyà àti bí ẹ́ńjìnnì ti ń dún wọn ọlá ènìyàn.

Èdè pàápàá jẹ́rìí sí ọ̀ràn yìí, èdè sì ni iṣẹ́ mi. Kí òyìnbó tó dé, kẹ̀kẹ́ òwú wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n pe ohun tí Fáráò fi lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dé etí Òkun Pupa. Nígbà tí onítáyà méjì dé, a fún un ní orúkọ kan náà, a sì fi ológeere yẹ́ ẹ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni onítáyà mẹ́ta wá. Àwọn kan pè é ní kẹ̀kẹ́ Maruwa, nítorí Mohammed Buba Marwa tó ṣe alákòóso ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Àwọn mìíràn pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP, nítorí ètò ìmúkúrò òṣì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001. Díẹ̀díẹ̀ ni Maruwa àti NAPEP já bọ́, tó ku kẹ̀kẹ́ nìkan. Bí mo bá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lónìí pé kẹ̀kẹ́ ni ó gbé mi dé, wọ́n á rò pé mo san owó fún awakọ̀. Àfi bí mo bá sọ pé mo gun kẹ̀kẹ́ wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì péré ni ó ṣẹ́ kù tó ń dáàbò bo ológeere nínú èdè wa: a ń gun tiwa, a ń wọ tiwọn. Onítáyà mẹ́ta ti gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú.

Ẹni tí kò bá gun kẹ̀kẹ́ rí lè rò pé mo ń ṣe àsọdùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti rí. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Nítorí náà, etí ọ̀tún pátápátá ni ibùgbé ológeere. Etí ọ̀tún yìí kan náà ni kòrópè àti kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta ti ń gbé èrò tí wọ́n ti ń já èrò. Ibẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa máa ń tẹ́ ọjà sí, nítorí ibẹ̀ ni èrò wà. Bí mo bá gba orí afárá, àwọn ọkọ̀ tó ń sáré kò retí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí mo lè yà sí bí ọ̀kan nínú wọn bá súnmọ́ mi jù. Bí mo bá gba ìsàlẹ̀, èrò, ọkọ̀ àti ọjà ti dí ọ̀nà pa. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ là fúnra wọn láàárín ilé àti ilé náà ń jáde sí títì, ṣùgbọ́n níbi tí ó ti pàdé ọ̀dà, ẹ ó bá bèbè kọnkéré tó ga tàbí gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ọmọ iléèwé á fò ó. Alábirùn kò lè fò ó. Èmi á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká bí ẹni gbé ewúrẹ́, n ó sì dúró títí awakọ̀ kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run yóò fi tẹ bíréèkì.

Bẹ́ẹ̀, Ìlọrin ni mo ń sọ, ìlú tí oríkì rẹ̀ fi ẹṣin sí ipò egúngún! Ní ọjọ́ ọdún, bí ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀, tẹrú tọmọ ni ó ń ya ọ̀nà fún un tí wọ́n sì ń kí i. A mọ̀ nígbà náà pé ẹni tó wà lórí ohun tó ń gùn lè ṣubú, pé ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Kí ni ó dé tí ọgbọ́n yìí fi parí sórí ẹṣin?

Mo gbọ́ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọ́n á ní ọ̀nà kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́, pé owó tí ọlọ́kọ̀ ń san fún ìwé ọkọ̀ ni ó fún un láṣẹ. Kí wọ́n ṣí Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999. Àfikún Kẹrin rẹ̀ ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ara iṣẹ́ náà ni fífún kẹ̀kẹ́, ọmọlanke, wíìlíbárò àti ọkọ̀ ojú omi tí a ń fi àjẹ̀ wà ní ìwé àṣẹ. Àfikún yìí kan náà ni ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa ṣe òpópónà, iná òpópónà àti gọ́tà, kí ó sì máa tọ́jú wọn. Òfin tó lè gba owó lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ti gbà pé kẹ̀kẹ́ wà. A kì í gba owó ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a kò fún ní ilẹ̀.

Wọ́n tún lè ní kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun àtijọ́, pé a ti kọjá ibẹ̀. Àwa wo ni ó kọjá ibẹ̀? Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Jálá epo kan tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 2024 ó kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 yẹn, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, nítorí owó ọkọ̀ ti kọjá agbára wọn. N kò bá ìjọba wí lórí èyí. Àánú ni ó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí a ń sọ: ó rọrùn fún wa láti ti ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì ju kí a ya ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún òṣìṣẹ́ tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dé ibi iṣẹ́.

Ẹni tó bá ní ìwà òyìnbó ni mo ń kó wá, kí ó lọ wo Ouagadougou ní Burkina Faso. Lórí àwọn òpópónà ńlá níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ wà fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Oòrùn ibẹ̀ kò tutù ju tiwa lọ. Àwọn òyìnbó tí a sì ń sọ náà, a kò bí kẹ̀kẹ́ mọ́ wọn. Ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ọkọ̀ pa ní ọdún 1971 nìkan, ó sì lé ní 400 ọmọdé nínú wọn. Àwọn òbí jáde sí títì, wọ́n ní kí wọ́n yé pa àwọn ọmọ àwọn. Nígbà tí epo rọ̀bì tún wọ́n gógó ní 1973, ìjọba wọn fi òfin de mọ́tò ní àwọn ọjọ́ Ìsinmi kan, ará ìlú sì rí i pé títì lè dákẹ́. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí a ń yìn lọ́dọ̀ wọn lónìí, ẹkún òbí wà lára ohun tó bí i.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo jókòó sórí ìtẹ́ mo ń dá àwọn awakọ̀ lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ara mi. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo ra mọ́tò tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ mi, oyè ọ̀mọ̀wé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní Pósọ́fíìsì yìí kan náà, ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta búrẹ́dì wà níwájú mi, àpótí pákó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń lọ jẹ́jẹ́. Èmi ń kánjú. Mo fọn fèrè ọkọ̀ mọ́ ọn láìdákẹ́. Ìpayà mú un, ó yà, kẹ̀kẹ́ wọ gọ́tà, búrẹ́dì dà sílẹ̀. Mo rí i nínú dígí ọkọ̀ mi bó ti ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ẹ̀wù nu ẹrẹ̀ ara wọn. N kò dúró. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà kò gba dídúró. Irọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ lọ sí iléèwé ti gbàgbé ẹni tó gbé e débẹ̀. N kò rí ọkùnrin náà mọ́ títí di òní. Bí mo bá bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ìkóríta yẹn báyìí, òun ni mo máa ń rántí, kì í ṣe awakọ̀ kòrópè.

Ohun tí mo ń béèrè kò tó owó afárá kan. Kí wọ́n fi ọ̀dà funfun ya etí ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke lábẹ́ afárá náà, kí wọ́n sì yan ibi tí ọkọ̀ èrò yóò ti máa dúró, èyí tí kò ní dí i. Kí wọ́n bo gọ́tà. Kí wọ́n gé bèbè kọnkéré wálẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti pàdé títì. Kí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ máa na ọwọ́ dá mọ́tò dúró fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, bó ti ń dá a dúró fún mọ́tò mìíràn. Ní tiwa, àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, kí a yé fi kẹ̀kẹ́ dẹ́rù ba ọmọ tí kò kàwé.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Wọ́n tún ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀run bá gba ẹyẹ, tí ọjà gba ọ̀nà púpọ̀, kí ló dé tí Pósọ́fíìsì kò fi ní gba ológeere? Lẹ́tà ni èyí, mo kọ ọ́ sí gbogbo ẹni tó ní àṣẹ lórí ìkóríta náà àti gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo gbé e wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó dé.