Ẹni tó gba orí omi wọ̀lú náà gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́nubodè

Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú àwọn àlejò tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, kí ó lè rọ́pò òǹtẹ̀ inú páásípọ̀ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ bàálù nìkan nìyẹn. Rárá o. Ó kan olówó tó ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ tó fi ń gbafẹ́. Ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ àwọn olówó yìí díẹ̀, torí ó kan àwa tí à ń gba orí ọ̀sà láti Àjàṣẹ́ lọ sí Àgbádárìgì.

Omi Manche ló wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, ẹni tó lọ́kọ̀ lè ta ìgbòkun láàárọ̀, kó gúnlẹ̀ sí èbúté kékeré tó bá wù ú, kì í sì í sábà sí ẹni tó máa bi í léèrè. Láti oṣù kìíní ọdún 2021, ìyẹn ti parí. Faransé ti kọ orúkọ àwọn èbúté tí wọ́n lè gbà wọlé síta: Cherbourg wà níbẹ̀, Saint-Malo náà wà níbẹ̀. Bó o bá gúnlẹ̀ síbòmíràn láìgbàṣẹ, o dà bí ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé onílé. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kó tó kúrò ní Faransé. Bó bá sì ti wọ máìlì òkun 12 sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ ta àsíá aláwọ̀ ìyeyè sókè. Àsíá yẹn ti pẹ́ láyé. Ohun tó ń sọ ni pé: kò sí àrùn nínú ọkọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé.

Èyí tó tiẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín ni ti ọjọ́. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ìwé ìgbélùú kò gbọ́dọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́ ní ilẹ̀ Schengen, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún oṣù 18 láìsan owó orí. Ọkọ̀ wá di onílé, ẹni tó ni ín di àlejò! Oúnjẹ náà ń kọ́? Ẹran àti wàrà tó kó láti ilé kò gbọ́dọ̀ wọ Yúróòpù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé, "CEDEAO ti ní ká máa rìn fàlàlà, kí ni ẹ tún ń bi wá?" Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kárùn-ún ọdún 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn kan náà yìí sọ pé ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí à ń pè ní carnet jaune, kó sì gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní etí omi tí kò sí aṣọ́bodè, báwo ló ṣe máa fi hàn pé òun kò tíì pé 90 ọjọ́? Ẹni tó bá dá a dúró lójú títì lè ní ó ti pé ọdún kan, kò sì ní nǹkan tó máa fi jà. Owó ló máa ń tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

Ti ẹrù náà nìyẹn. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà tí a gbìn lóko wa, CEDEAO kò ní kí a san owó aṣọ́bodè lé e lórí. Ìrẹsì tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá kò sí lára rẹ̀, ìrẹsì yìí sì wà lára ohun tí Nàìjíríà sọ nígbà tó ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ọdún 2020 ti fẹ́ parí kó tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Nínú gbogbo oṣù yẹn, alágbàdo bá oníresì jìyà.

A ò sọ pé kí ìjọba di ọ̀sà pa. Ohun tí Faransé ṣe ni kí tiwa náà ṣe: kí Kútọnu àti Àbújá jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn etí omi tí èèyàn lè gbà kọjá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, ní èdè tí a gbọ́. Kí òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń lù ú náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, àti ní òru tí ọkọ̀ bá dé.