Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Ariwo Kò Gbọ́ Ohun Tí Etí Ń Gbọ́

Kò sí ọdún kan tí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ti ilé ìjọsìn, ilé ìtura àti ilé fàájì pa nítorí ariwo. Òṣùwọ̀n tí àjọ náà ń tẹ̀ lé kò ṣòro láti kà: ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé, ariwo kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ lọ́sàn-án, kò sì gbọdọ̀ ju 45 lọ lóru. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn padà fún ẹni tó ṣẹ̀, kì í pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi ń tún ráhùn. Àwọn kan ní àìfọwọ́mú iṣẹ́ ló fà á. Àwọn mìíràn ní agídí àwọn tó ń pariwo ni. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà: nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kà àti ohun tí etí ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.

A kì í ka dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń ka iṣu. Bí sípíkà kan bá ń ké ní 90, tí wọ́n sì gbé irú rẹ̀ kan tì í, kò ní di 180. 93 péré ni yóò dà, ìyàtọ̀ tí etí yóò rí níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, agbára ohùn náà ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá, ìyẹn ni pé kí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 gorí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, olóde tó ya sípíkà mẹ́rin kún mẹ́rin ti sanwó ìlọ́po méjì fún ohun tí àlejò rẹ̀ lè má fura sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ní kó dín ariwo kù, tó sì yọ ọ̀kan nínú sípíkà méjì. Ó lè búra pé òun ti gbọ́ràn. Ara kò ní tu ẹni tó ń wá oorun ní òdìkejì ògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun ni pé ewu kì í dúró de ìgbà tí etí bá fura. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbà kí ènìyàn wà nínú ariwo 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ó bá di 88, wákàtí 4 ni. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà sí ti gé àkókò tí kò léwu sí méjì.

Ti gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn tún wà níbẹ̀. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé etí kì í gbọ́ gbogbo ìró bákan náà. Etí ọ̀dọ́ ń gbọ́ láti Hertz 20 títí dé nǹkan bí 20,000, ṣùgbọ́n àárín 2,000 sí 5,000 ló ti mú jù. Ìró bàsì tó rẹlẹ̀ nílò agbára púpọ̀ kí etí tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí òfin ariwo ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú, fi ń lo òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní A, èyí tó ń yọ kúrò lára bàsì kó lè jọ ti etí. Ní Hertz 63, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 26 ló ń yọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n wò ṣe é. Bí ohùn bá ti ń ròkè, etí a máa gbọ́ bàsì dáadáa sí i, òṣùwọ̀n A kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàsì kan náà ló sì ń la ògiri kọjá nígbà tí ohùn akọrin ti kù sẹ́yìn (ẹni tó bá ti gbé lẹ́yìn ilé ọtí rí kò nílò àlàyé). Bàsì tó jẹ́ 70 nínú yàrá lóru, 44 ni A yóò kà á. Òfin kò rí i bá wí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Gángan kékeré àti ìyáàlù lè sọ gbólóhùn kan náà, kó sì yé olùgbọ́, nítorí pé àlàfo láàárín ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni etí ń tẹ̀ lé. Láti Hertz 110 sí 220, ìgbésẹ̀ kan náà ni létí pẹ̀lú 220 sí 440. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Fá, sá àti ṣá, ohùn òkè kan náà ni wọ́n ní. Kọ́ńsónáǹtì ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ibi ìró tín-ín-rín ni agbára àwọn kọ́ńsónáǹtì wọ̀nyẹn sì wà. Nínú etí, ní ibi tó ká bí ìkarahun ìgbín, nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun ló wà tí kì í hù padà bí wọ́n bá kú, ariwo sì sábà máa ń kọ́kọ́ ba èyí tó ń gbọ́ nǹkan bí Hertz 4,000 jẹ́. Bó ṣe máa ń rí fún ẹlẹ́rọ ata nìyẹn lẹ́yìn ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ: ó ń gbọ́ pé wọ́n ń pe òun, kò mọ ohun tí wọ́n wí. Àwọn ọmọ rẹ̀ a ní ìyá ti ń ṣe orí kunkun. Kò sí àjọ tó ń ti ìdí ẹ̀rọ ata pa, kò sì yẹ kí wọ́n tì í. Ohun ìdí etí ló yẹ kí wọ́n fún un.

Ní ti sípíkà, kí wọ́n wọn ariwo nínú yàrá ẹni tó fẹjọ́ sùn, kì í ṣe lẹ́nu géètì nìkan. Kí àṣẹ ìdínkù sọ iye pàtó, ó kéré tán dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10. Kí wọ́n sì fi ààlà tirẹ̀ lélẹ̀ fún bàsì lórí òṣùwọ̀n C, èyí tó ti wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìwọnariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ A. Bàsì tí A kà sí 44 lóru yẹn, 69 ni C yóò kà á.