Máàpù Àtijọ́ Yẹ Kí Ó Wà Lára Ògiri Ilé Kéú Wa

 

Ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin jàmáà, ìbéèrè kan ni a fi bẹ̀rẹ̀: kí ni ó wà níbí kí ó tó di Ìyànà Ìpájà? Bí a bá bi àwọn ọmọ wa, gáréèjì, ọjà àti bíríìjì ni wọn yóò dárúkọ. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ibẹ̀ ti dáhùn díẹ̀. Ìyànà ni ibi tí ọ̀nà kan ti yà kúrò lára òmíràn, nítorí náà Ìpájà ti wà kí á tó ní ìyànà rẹ̀. Òkè-Odò náà ń sọ fún wa pé odò kan wà. Ṣùgbọ́n níbo ni odò náà gbà? Àwọn mélòó nínú wa ni ó lè nawọ́ sí i lónìí?

Àrọ́bá ni baba ìtàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ àrọ́bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ilé kéú àti mọ́ṣáláṣí wa wá ẹ̀dà máàpù àtijọ́ tí a tún tẹ̀, kí a gbé e kọ́ sára ògiri.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí Mùsùlùmí. Ní ọdún 1154 ni onímọ̀ ńlá nì, Al-Idrisi, parí máàpù ayé fún Ọba Roger ti Sísílì. Gúúsù ni ó fi sí òkè, àríwá sì wà nísàlẹ̀. Ó ya ayé sára àwo fàdákà ńlá, ó sì tún yà á sójú ìwé 70. Fàdákà náà ti pòórá tipẹ́. Ìwé tí àwọn èèyàn ń dà kọ ni ó kù. Ní ọdún 1928 ni Konrad Miller, ará Jámánì, so ojú ìwé 70 náà pọ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ kíyè sí i: fàdákà ṣègbé, ẹ̀dà là á já.

Tiwa náà wà. Máàpù ìlú Èkó tí W. T. Lawson yà ní 1885 wà. Máàpù ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ sì ya ilẹ̀ wa ní òṣùwọ̀n 1:50,000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà 2 ti dúró fún kìlómítà 1.

Kí ni ọmọ yóò rí kọ́ níbẹ̀? Nínú máàpù ọdún 1960, yóò rí i pé Ìpájà, Agége àti Ìkẹjà kò sí lábẹ́ Èkó. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú wọn, títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ń wá ìwé àtijọ́ nípa àdúgbò wa fi ní láti dé Ilé Ìkówèépamọ́ Orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ọmọ náà kò ní rí Gowon Estate nínú máàpù tí ó ṣáájú 1966, nítorí ọdún náà ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon gba ìjọba. Báyìí ni yóò ṣe mọ̀ pé orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí tirẹ̀.

Àǹfààní tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti omi. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bí a bá kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀, òjò ọdún kan yóò mú un padà wá. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀, tàbí jàmáà tí ó fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, lè rí lórí máàpù àtijọ́ ìlà odò tí ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ kò ní sọ fún un.

A kò sọ pé máàpù kì í ṣàṣìṣe. Ojú irin, òwò àti ìṣèjọba ni àwọn òyìnbó rò tí wọ́n fi ń ya ilẹ̀ wa. Bí wọ́n bá ṣe gbọ́ orúkọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé abúlé kan kò sí rí nítorí pé kò rí i níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ di ohun ìjà lórí ilẹ̀. Irú máàpù yìí ń sọ ibi tí nǹkan wà. Kò sọ ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wá ẹ̀dà kan. Kí àwọn ọmọ gbé e tọ àwọn àgbà lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n béèrè pé: odò wo nìyí? Ta ni ó tẹ abúlé yìí dó? Níbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ kírun? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Lárúbáwá, kí ìwé ọdọọdún wa tí ń bọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àlùkùránì pè wá pé kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a wòye àtubọ̀tán àwọn tí ó ṣáájú wa. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí orísun wa parẹ́ mọ́ wa lójú. Àmín.