Kí ẹ tó ra bátìrì tuntun

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí mo bá sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò fẹ́ jí láàárọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi ni yóò mi orí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, "ká-ká-ká" nìkan ni mo gbọ́. Mo ránṣẹ́ pe réwáyà. Kò yẹ ohunkóhun wò tó fi ní bátìrì ti kú. Mo ra tuntun. Lọ́jọ́ kẹrin, "ká-ká-ká" tún dé. Ó ní kíkísítátà ni. Wọ́n gbé bátìrì lọ ṣáàjì, mo sì tún sanwó kíkísítátà. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ọkọ̀ tún fi kọ̀. Àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló tẹ bẹ́líìtì tó ń yí ọ́tánétọ̀ wò: ó ti dẹ̀ pátápátá. Owó bẹ́líìtì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo ti ná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àmù ni bátìrì. Kíkísítátà ló ń fi igbá ńlá bu omi inú rẹ̀ láàárọ̀. Ọ́tánétọ̀ ló ń pọnmi padà sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí àmù bá gbẹ, ó lè jẹ́ pé àmù ló fọ́. Ó sì lè jẹ́ pé apọnmi ni kò pọn.

Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tí ọkọ̀ ń fa ohùn bí aláìsàn tàbí tó ń ké "ká-ká-ká", agbára bátìrì kò tó, tàbí wáyà orí rẹ̀ kò dì mọ́ ọn dáadáa. Bí ó bá dún "kà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná sì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ fura sí kíkísítátà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí fíofío ṣùgbọ́n tí kò gbaná, epo tàbí pílọ́ọ̀gì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ wo orí bátìrì. Bí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá hù sí i, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é le. Wáyà ẹ̀yìn, èyí tó ní àmì ìyọkúrò, ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, òun náà ni ẹ ó dè kẹ́yìn. Ẹ má ṣe mu sìgá nítòsí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú bátìrì a máa gbaná.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí réwáyà fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, yóò fi bíi 12.6 fọ́ọ̀tì hàn. Bí kò bá tó 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, yóò wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí kò bá gòkè rárá, apọnmi ló ń ṣàìsàn, bátìrì tuntun yóò sì kú bíi ti tèmi.

Lóòótọ́, oòrùn ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́ láyé, tòkunbọ̀ tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ sì burú jù. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀ kún, tí kò sì di ọjọ́ kejì, tòun ti pé apọnmi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, àmù ló fọ́ nìyẹn: ẹ ra òmíràn. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí mítà kọ́kọ́ sọ pé òkú ni, kí ẹ tó sanwó ìsìnkú.