Owó Báàjì, Owó Iṣẹ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975, iléeṣẹ́ Volkswagen gbé ọkọ̀ kékeré kan lọ síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Frankfurt, ní Jámánì. Àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ nínú iléeṣẹ́ náà ló dá iṣẹ́ ọkọ̀ ọ̀hún sílẹ̀ fúnra wọn, ní bòókẹ́lẹ́. Golf lásán ni tẹ́lẹ̀, irú hatchback tí olùkọ́ fi ń lọ síléèwé tí ìyálé ilé sì fi ń lọ sọ́jà. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 110 sí i, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n fa ìlà pupa yí iwájú rẹ̀ ká, wọ́n sì kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i lára: GTI. Ọkọ̀ 5,000 péré ni wọ́n ní lọ́kàn láti ṣe, kí òfin eré ìje lè gbà á wọlé. Kí wọ́n tó parí ìran àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ti tà ju 460,000 lọ.

810 kílò péré ni ọkọ̀ náà wọ̀n. Nínú ẹṣin 110 tí wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀, ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń fa kílò méje àti díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sáré. Ẹni tó san 13,850 máàkì fún un lọ́dún 1976 rí ohun tí owó rẹ̀ rà, torí báàjì tó wà lára ọkọ̀ náà sọ òótọ́.

Ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, Golf ìran kẹrin dé. Àwa náà mọ Golf yẹn dáadáa, torí tokunbo rẹ̀ pọ̀ ní títì láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Volkswagen ta oríṣi kan nínú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ líta méjì, tí agbára rẹ̀ kò ju ẹṣin 115 lọ, wọ́n sì lẹ GTI mọ́ ọn. Ẹṣin márùn-ún ni wọ́n fi kún ti ọdún 1976, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti fi nǹkan bí 400 kílò wúwo sí i. Ẹṣin kan wá ń fa ju kílò mẹ́wàá lọ. Òótọ́ ni pé GTI mìíràn wà nínú ìran kan náà tó ní tọ́bò àti ẹṣin 150, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí kò lè jẹ́ àṣìṣe. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà ti rí i pé lẹ́tà yẹn lè ta ọkọ̀ láìsí eré nínú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn kan fi òógùn ojú kọ́, àwọn mìíràn jókòó, wọ́n ń ná an. Ó di ọdún 2004, nígbà tí ìran karùn-ún dé pẹ̀lú ẹṣin 200, kí orúkọ náà tó padà bọ̀ sípò.

Lónìí, ọ̀nà yẹn ti gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ford ní ST-Line, Volkswagen ní R-Line, Audi ní S line. Ẹ óò rí bọ́ńpà tó rí bíi ti ọkọ̀ ìje, ìjókòó tí wọ́n fi òwú pupa rán, àti ríìmù ńlá. Bí ẹ bá wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Fiesta ST-Line, ẹ́ńjìnnì líta kan ṣoṣo lẹ lè bá níbẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun rẹwà, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a san owó eré sísá, kí wọ́n kó ọ̀dà àti sítíkà fún wa.

Ẹ̀dà wọ̀nba ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Iléeṣẹ́ kan á kéde pé ọkọ̀ 500, tàbí 1,000, ni òun máa ṣe nínú irú èyí, pé kò ní sí mìíràn mọ́. Wọ́n á kọ nọ́ńbà sára àwo irin kékeré, wọ́n á kàn án mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìlérí méjì ni ẹni tó ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sanwó fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kan náà ló ti àpò rẹ̀ jáde. Wọ́n ṣèlérí fún un pé ọkọ̀ náà kò ní pọ̀. Wọ́n tún ṣèlérí fún un pé iṣẹ́ wà lára rẹ̀ tí kò sí lára àwọn yòókù. Ìlérí pé kò ní pọ̀ kò ná iléeṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀gá tó ṣe é sì lè yí i padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ti iṣẹ́ ló ń gba owó: ẹnjiníà tó ń yan sípíríǹgì, awakọ̀ tó ń dán an wò fún ọ̀pọ̀ oṣù, irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n ní láti rà fún ọkọ̀ díẹ̀ tí èrè rẹ̀ lè má tó nǹkan. Síbẹ̀, nọ́ńbà ni ojú ń rí. Iṣẹ́ wà lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n tọ́ka sí ọkọ̀ tó mú ìlérí iṣẹ́ ṣẹ, Mégane R26.R ti Renault ni n óò nàka sí. Ọdún 2008 ló jáde, 450 ni wọ́n sì ṣe. Wọn kò fi ẹṣin kan ṣoṣo kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹṣin 230 tó wà nínú Mégane R26 náà ló wà níbẹ̀. Yíyọ ni wọ́n ń yọ. Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n yọ rédíò. Wọ́n yọ gíláàsì ẹ̀yìn, wọ́n fi ike rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi carbon fibre ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kílò 123 ló kúrò lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí 1,220 kílò ló ṣẹ́kù, ẹṣin kan sì ń fa kílò márùn-ún àti díẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Nürburgring, ojú ọ̀nà eré ìje tó gùn ju 20 kìlómítà lọ láàárín igbó àti òkè ní Jámánì. Ó yí i ká ní ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 17. Nígbà yẹn, kò tíì sí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún aráàlú, tó sì ń fi táyà iwájú fà, tó ṣe irú rẹ̀.

Ṣé àwọn èèyàn wá rọ́ lọ rà á? Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìfẹ́ hatchback asáré ti jinlẹ̀ gan-an, wọn kò ra èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn tán. Ẹ rántí ọdún náà. 2008 ni Lehman Brothers ṣubú ní Amẹ́ríkà, tí àwọn báńkì ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n là káàkiri Yúróòpù. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ fi owó púpọ̀ ra ọkọ̀ tí kò ní ìjókòó ẹ̀yìn àti rédíò? Àwọn tó ń kó ọkọ̀ jọ ń wá a kiri lónìí, owó rẹ̀ sì ti ga ju iye tí wọ́n tà á ní tuntun lọ. Ṣùgbọ́n Renault kò rí nínú owó yẹn. Àwọn tó rà á tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ni èrè náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Èyí ni mo rò pé ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí a kì í sábà sọ. Àwa oníbàárà la kọ́ àwọn iléeṣẹ́ ní ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wá, a ń wo iye owó rẹ̀, a ń wo ibi tí ọmọ máa jókòó sí. Nígbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà wá, a sanwó. Lọ́dún 2023, Renault fi ẹ̀dà kan tí wọ́n pè ní Ultime dágbére fún Mégane RS. 1,976 ni wọ́n ṣe, torí ọdún 1976 ni wọ́n dá Renault Sport, ẹ̀ka wọn tó ń ṣe ọkọ̀ asáré, sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹṣin 300 tó ti wà nínú Mégane RS Trophy tẹ́lẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lẹ sítíkà dúdú ńláńlá mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi àwo nọ́ńbà sí i tí Laurent Hurgon, awakọ̀ tó máa ń dán ọkọ̀ wọn wò, bọwọ́ lù. Ọkọ̀ tó dára ni, torí Trophy fúnra rẹ̀ dára. Àmọ́ inú kàlẹ́ńdà ni 1,976 yẹn ti jáde; kò ti ọwọ́ ẹnjiníà kankan wá.

Mégane RS Trophy-R ti ọdún 2019 ṣòro láti dá lẹ́jọ́. Wọ́n ṣe 500, wọ́n yọ kílò 130 kúrò lára rẹ̀, ó sì yí Nürburgring ká ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Iṣẹ́ gidi ni. 51,140 pọ́n-ùn ni wọ́n tà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ríìmù carbon àti bíréèkì seramiki, irú èyí tó wà lára ọkọ̀ tó yí Nürburgring ká yẹn, ní láti san 72,140. Ìyàtọ̀ 21,000 pọ́n-ùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra Fiesta ST tuntun kan nígbà yẹn, ST gidi tó ní ẹṣin 200, kì í ṣe ST-Line. Lórí ríìmù kọ̀ọ̀kan, kílò méjì ló dínkù. N kò sẹ́ pé kílò méjì níbi táyà ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń du ìṣẹ́jú-àáyá kan lójú ọ̀nà ìje. Ní títì tí a ń wà lójoojúmọ́, kò sí ibi tí owó yẹn ti lè padà sọ́wọ́ ẹni tó san án.

Mo ń ro ti àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Manchester, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù nínú wa. Díẹ̀ nínú wọn ló ń sanwó ọkọ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á san díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa san ìyókù lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà owó gọbọi kan á ṣẹ́kù. Títí wọ́n á fi san owó gọbọi yẹn, ọkọ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Inú owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù yẹn ni báàjì ti ń sá pamọ́. Bí ó bá fi 40 pọ́n-ùn kún un, kò ní jọ ohun ńlá létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́. Fún oṣù 48, 1,920 pọ́n-ùn ni. Ẹ wá fi ìnṣọ́ránsì kún un. Ìpele ìpele ni wọ́n pín ọkọ̀ sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìnṣọ́ránsì, àwọn hatchback asáré gidi sì máa ń wà lókè. Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó bọwọ́ lùwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé kí ni wọ́n pààrọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ìjókòó, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Nǹkan kan ti yí padà ṣá. Òfin èéfín ní Yúróòpù ń bu 95 yúrò lé iléeṣẹ́ lórí fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ìpíndọ́gba ọkọ̀ rẹ̀ bá fi kọjá ààlà, lórí gbogbo ọkọ̀ tuntun tó bá tà. Ọkọ̀ asáré kan lè wá di ìnira fún iléeṣẹ́ tó ṣe é. Honda fi ẹ̀dà 40 péré parí Civic Type R ní Yúróòpù. Ní tìyẹn, wọn kò ní láti purọ́ pé kò ní pọ̀.

Toyota ló fún mi ní ìrètí. Lọ́dún 2018 wọ́n ta Yaris GRMN, 400 péré fún gbogbo Yúróòpù. Lọ́dún 2020 wọ́n mú GR Yaris jáde láìka iye rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ eré ráálì, wọ́n dá ara ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́ta sílẹ̀ fún un, èyí tí Yaris lásán kò ní, wọ́n fi carbon ṣe òrùlé rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń fà. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó rẹ̀ lè rà ló wá ní iṣẹ́ nínú ju èyí tí wọ́n ká níye lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Clio Williams, torí òun ló fi ìlérí méjèèjì hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1993 ni Renault mú un jáde. Lásìkò yẹn, ẹ́ńjìnnì Renault ló wà nínú ọkọ̀ ìje ẹgbẹ́ Williams ní Formula One. Nigel Mansell ti fi gba adé lọ́dún 1992, Alain Prost sì gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Williams kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ṣe Clio yẹn. Renault Sport ló ṣe é. Bí a bá fi orúkọ nìkan dá a lẹ́jọ́, a ó dá a lẹ́bi. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kúrò ní líta 1.8, wọ́n sọ ọ́ di líta méjì pẹ̀lú ẹṣin 150, wọ́n fi agbára kún gíà, wọ́n fa táyà iwájú jìnnà síra kí ọkọ̀ lè dúró ṣinṣin ní kọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó kun ún ní àwọ̀ búlúù, tí wọ́n fi ríìmù aláwọ̀ wúrà sí i. Títí di òní, àwọn awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣì ń kà á mọ́ àwọn hatchback tó dára jù tí wọ́n tíì ṣe.

3,800 ni wọ́n ní àwọn máa ṣe, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tà wàràwàrà, wọ́n ṣe sí i. Williams 2 jáde lọ́dún 1994, Williams 3 tẹ̀ lé e lọ́dún 1995, títí gbogbo rẹ̀ fi tó nǹkan bí 12,000. Inú bí àwọn tó kọ́kọ́ rà á, mo sì bá wọn kẹ́dùn, torí wọ́n sanwó fún àdéhùn kan, ẹni tó ta ọkọ̀ fún wọn ló yẹ àdéhùn náà. Àmọ́ kò sí ọkọ̀ kan nínú tiwọn tó dẹwọ́ eré sísá lọ́jọ́ tí Williams 3 dé. Àwọn olùkójọ ṣì ń sanwó jù fún ti àkọ́kọ́ nítorí àwo nọ́ńbà rẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ mi, ti kẹta tí kò ní nọ́ńbà ni n óò rà, n óò sì máa wà á lójò àti lẹ́ẹ̀rùn.