Ẹ Má Fagi Lé Ìrìn-Àjò Ifẹ̀, Ẹ Bá Wa Tún Un Ṣe

Láti ọjọ́ tí a ti dé láti Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu nínú ọgbà wa pé àwọn tó máa wọ SS2 lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní í lọ síbì kankan. Ní ìpéjọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀gá àgbà wa fúnra wọn sọ ọ́ létí gbogbo wa pé àwọn òbí kan ti kọ lẹ́tà, pé ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí kí táàmù yìí tó parí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ló jẹ́ àwọn tí kò lọ. N ò bá wọn jà o. Wọ́n ní ìdí, mo sì ń bọ̀ wá kan ìdí náà. Àmọ́ èmi ò gbà pé fífagi lé e ló kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa ọjọ́ náà, torí àwọn tó lọ ti ń bu iyọ̀ sí i, àwọn tí ò lọ sì ti ń bu ata sí i. Ìwé tí wọ́n fún wa mú lọ sílé sọ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa gbéra. Aago mẹ́sàn-án ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá kí bọ́ọ̀sì kejì tó jáde lẹ́nu géètì. Kì í ṣe àwọn awakọ̀ ló pẹ́, aago mẹ́fà ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹ̀wù pupa tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-ìwé sí láyà la dúró dè. Nígbà tí wọ́n sì kó o dé tán, ìwọ̀n rẹ̀ ò bára mu, làwọn ọmọkùnrin SS2C bá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ẹ̀wù láàárín ara wọn bí ẹni wà ní ọjà Gbági.

A kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, a kọjá Aṣejirè, a ń kọrin. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Ìkirè ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti iwájú bọ́ọ̀sì kejì. Omi ti tán nínú rédíétọ̀. Awakọ̀ ní ká sọ̀ kalẹ̀, ká má sì sún mọ́ ọn, torí omi tó ń hó lè bó èèyàn lójú. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta la lò lẹ́bàá títì.

Ẹ wò ó, bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ wà lára ibi tí mo ti kọ́ nǹkan jù lọ́jọ́ yẹn. Ìyá kan tó ń ta dòdò Ìkirè rí wa nínú oòrùn, wọ́n ní ká wá jókòó lábẹ́ ibòji àwọn. Èmi ti ń jẹ dòdò Ìkirè láti kékeré, mo rò pé dòdò lásán tó jóná ni. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, èyí tí ẹlòmíì máa dà nù, làwọn máa ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí àwọn á wá dín nínú epo pupa títí á fi dúdú. Wọ́n ní àwọn tó kọ́kọ́ ronú rẹ̀ ò fẹ́ kí nǹkan ṣòfò ni. Kò sí nínú ìwé ètò wa rárá. Olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní Ètò Ọrọ̀-Ajé bá tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé èló ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, èló ni wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti dín. Àwa tí à ń sùn nínú kíláàsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń dá a lóhùn.

Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù ká tó dé Ifẹ̀. Ibi tó wà nínú ìwé ètò jẹ́ márùn-ún: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, ààfin Ọọ̀ni, Ọ̀pá Ọ̀rányàn, ère Mọremí àti ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ibi márùn-ún ní wákàtí mẹ́rin! Bí ẹ bá ti rí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ilé mẹ́jọ kan òun jẹun lọ́jọ́ Iléyá rí, bó ṣe rí nìyẹn.

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, láti 1954 ló ti wà níbẹ̀. Bàbá kan ni wọ́n fi mú wa káàkiri, ohùn wọn rọ̀, wọn ò kánjú. Wọ́n ní lọ́dún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́lẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníje, tí kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí, ni ọkọ́ wọn bá kan irin. Kì í ṣe irin, orí ènìyàn tí wọ́n fi idẹ rọ ni, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ò wá nǹkan kan o, ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn orí náà kúrò nílùú, ó dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London lọ́dún 1939, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Wọ́n sọ̀rọ̀ ará Jámánì kan, Leo Frobenius, tó wá sí Ifẹ̀ lọ́dún 1910, tó rí orí idẹ tí à ń pè ní ti Olókun. Iṣẹ́ náà dára lójú rẹ̀ débi pé ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn ará Girikì ìgbàanì ló mú ọgbọ́n rẹ̀ wá, àwọn ará ìlú kan tó rì sínú òkun tí wọ́n ń pè ní Atlantis. Inú bí mi. Inú bí gbogbo wa. Kíláàsì tí kì í dákẹ́ bá dákẹ́.

Ọ̀kan nínú wa nawọ́, ó béèrè pé kí ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu àti iwájú orí àwọn kan ká wà fún. Ẹlòmíì béèrè pé kí ló dé tí wọn ò tíì gba ti London padà. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìbéèrè yín dára. Ẹ jẹ́ kí n..." Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí àtẹ́wọ́ fi dún lẹ́yìn wa: "Ó yá, ó yá, ẹ tò, ààfin ló kàn!" Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n péré la lò nínú ilé yẹn. Bí a ṣe ń jáde ni bàbá náà tún ń sọ fún àwa tó wà lẹ́yìn pé àpáàdì tí wọ́n tò sílẹ̀ bíi táìsì láyé àtijọ́ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ìlú, pé ìtàn sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ kí wọ́n máa fi tẹ́ ojú ọ̀nà. A ò rí ọ̀kan. Bóyá orí rẹ̀ la tiẹ̀ ń sáré lọ.

Ní ààfin, ẹnu géètì la ti ya fọ́tò. Ní ibi ère Mọremí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, fọ́tò náà la yà. Ní Ọ̀pá Ọ̀rányàn a dúró díẹ̀. Òkúta gbọọrọ kan ni, ó ga ju mítà 5 lọ, wọ́n kan ìṣó irin mọ́ ọn lára láti òkè wá sísàlẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pá jagunjagun Ọ̀rányàn ni. Èèyàn máa dúró níwájú rẹ̀, á máa rò ó pé irú òòlù wo ni wọ́n fi kan ìṣó mọ́ òkúta tí kò là.

Ibẹ̀ náà la ti fi èèyàn méjì sílẹ̀. Wọ́n lọ ra omi inú ọ̀rá, bọ́ọ̀sì méjèèjì sì ṣí, oníkálukú rò pé inú bọ́ọ̀sì kejì ni wọ́n wà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú ká tó mọ̀. Nígbà tí a padà, a bá wọn lórí bẹ́ǹṣì ìyá kan tó ń ta gúgúrú, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá náà ò jẹ́ kí wọ́n lọ síbì kankan, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ọgbà ẹranko? A ò rí ọ̀bọ kan ṣoṣo. Aago márùn-ún ti kọjá, a yí padà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road tún dá wa dúró, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ la wọlé, àwọn òbí ti kún ẹnu géètì, bátìrì fóònù àwọn olùkọ́ sì ti kú. Mo mọ ohun tí ojú màmá mi rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó kọ lẹ́tà náà ò ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Èwo nínú gbogbo èyí ló jẹ́ ẹ̀bi Ifẹ̀, tàbí ti pé owó wa kéré? Ká ní a gbéra ní mẹ́fà ààbọ̀, bí bọ́ọ̀sì tiẹ̀ hó ní Ìkirè, aago mẹ́wàá la máa dé. Ká ní ibi méjì la fẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ mọ́ bàbá yẹn lẹ́nu. Kíkánjú láti ibì kan sí ibòmíì náà ló jẹ́ ká gbàgbé láti ka orí.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni mo ti sọ pé mò ń bọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà lẹni kọ̀ọ̀kan san. Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tó ṣètò rẹ̀, wọ́n sì fi sùúrù ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: bọ́ọ̀sì ₦5,500, ẹ̀wù pupa ₦3,500, oúnjẹ inú páálí ₦2,000, owó àbáwọlé àti ti amọ̀nà ₦1,000. Nínú àwa 96 tó wà ní SS2, àwa 58 la lọ. Àwọn 38 jókòó sílé. Mo mọ̀ lára wọn tó jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún méje ló wà lọ́wọ́ bàbá wọn. Ẹgbẹ̀rún méje gbé èèyàn dé Ifẹ̀, ó gbé e wọlé, ó gbé e padà, ó tún ṣẹ́ ṣéńjì. Ẹ̀wù ni ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ̀wù yẹn náà ló dá wa dúró ní àárọ̀, tèmi sì ti ṣí nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé nígbà tí a ṣe ìdánwò Yorùbá ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè kan ní ká kọ àròkọ lórí ohun tí a rí ní Ifẹ̀. Máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Àwọn kan kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa, àwọn kan fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ro ó, bí wọ́n bá fi ohun tí wọn ò lówó rẹ̀ dán yín wò, ṣé ẹ ò ní pàtẹ́wọ́ tí wọ́n bá ní ìrìn-àjò ò sí mọ́?

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń dábàá pé kí wọ́n máa fi fídíò Ifẹ̀ hàn wá lára ògiri gbọ̀ngàn. Ó dára, kí wọ́n fi hàn wá kí a tó lọ. Fídíò ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìbéèrè rẹ̀ dára. Àwọn tó ní ká kúkú máa lọ sí etíkun Èkó, n ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn. Ẹ wẹ̀ dáadáa o.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé yẹ̀ wò rèé. Ibi méjì, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ọ̀pá Ọ̀rányàn, kí a lo wákàtí méjì ní ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n yọ ẹ̀wù kúrò pátápátá, yunifọ́ọ̀mù wa ò ṣe wá ní nǹkan kan. Kí kálukú gbé oúnjẹ láti ilé. Ó ku ₦6,500. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í san án láti ọ̀sẹ̀ tí a bá wọlé, ₦650 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni. Kí wọ́n pín wa sí ẹni mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹnì kan máa ka orí kí bọ́ọ̀sì tó ṣí, kí mẹkáníìkì sì wo ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹni tí kò bá sì lè lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má fi bi í nínú ìdánwò.

Mo ti kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà kan fún ìgbìmọ̀. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ní SS2B títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá fara mọ́ ọn lè lọ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin SS1 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ̀yin ló kàn. Ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kà á ná.