Ta Ló Ń Ra Epo Tí Wọ́n Jí?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò láti nǹkan bí ₦200 kọjá ₦500, epo inú táńkì ti di ohun tí olè ń wá kiri. Ọlọ́kadà Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà tó bá jí ní ìdájí tó bá táńkì ẹ̀ ní gbígbẹ, owó oúnjẹ ọmọ ẹ̀ nìyẹn.

Fijilanté àti Àmọ̀tẹ́kùn la máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n olè kì í mu bẹntiróòlù o! Ẹnì kan ló ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ torí ó dínwó. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ fún àwọn ará ilé wa: ẹ má ra epo tẹ́ ò mọ orísun ẹ̀.